Oṣù Tí Mo Bá Ìyá Ọkọ Mi Yàn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka abala yìí, tẹ́ ẹ máa ń mi orí pé "irú obìnrin wo tún rèé?", ó kàn mí lónìí. Ẹ kọ́kọ́ mu omi kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Mi ò gba ọkọ ọlọ́kọ. Mi ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Oṣù kan péré ni mo gbé kúrò níbi tó wà, tí mo fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èèyàn lè fi oṣù ṣe ìkà.

Kẹ́misọ́lá ni mò ń jẹ́. Ìkòròdú ni èmi àti ọkọ mi, Adélàjà, ń gbé. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan níbẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ló ń gbé e lọ kí àkùkọ tó rántí iṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọ kan la ní, Jọláolúwa.

Ara Jọlá ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó pé ọdún kan, ara rẹ̀ gbóná lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gìrì sì gbé e. Ìyá ọkọ mi wà nílé. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n ń fi aṣọ rírin nù ún títí ó fi balẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù. Èmi ńkọ́? Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń pariwo "Màmá! Màmá!" bíi pé èmi gan-an ni gìrì gbé.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n gbádùn. Bí ọmọ bá sín: "Màmá!" Bí ọmọ bá pẹ́ kó tó sín: "Màmá, ẹ wá wò ó o, kò tíì sín láti àárọ̀!"

Màmá á ní, "Ìyá Jọlá, ṣé o fẹ́ kó máa sín bíi jẹnẹrétọ̀ ni?"

Ẹ̀pẹ́ ni Màmá ń gbé. Ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń tà, wọ́n sì máa ń ná ọjà Èjìnrìn. Ṣùgbọ́n nítorí ẹ̀rù tó ń bà mí, wọ́n pín ọ̀sẹ̀ wọn sí méjì: ìdajì fún ẹja, ìdajì fún Jọlá. Orúnkún ń dùn wọ́n, síbẹ̀ wọ́n á wọ ọkọ̀, wọ́n á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á tún òmíràn wọ̀, wọ́n á dé Ìkòròdú pẹ̀lú ẹja nínú ọ̀rá.

Ohun mìíràn tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: mi ò lọ sílé ìwé nígbà èwe mi. Kíláàsì àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ni mo ti kọ́ ìwé, Màmá ló sì máa ń pọn ọmọ kí n lè lọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo mílíìkì láìbi ẹnikẹ́ni, Màmá jó yí ilé po, tòun ti orúnkún tó ń dùn wọ́n. Àtìgbà náà ni wọ́n ti sọ mí ní Akọ̀wé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ka nǹkan fún wọn, wọ́n á ní, "Fi sílẹ̀. Akọ̀wé mi ń bọ̀."

Akọ̀wé yẹn náà ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà ọyẹ́, àbúrò ọkọ mi, Fẹ̀hìntọlá, pè mí láti Họ́láńdì. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mò ń pè é. Fóònù Màmá kì í gbé àwòrán, kò mọ̀ ju kó tan tọ́ọ̀ṣì lọ, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ìpè Họ́láńdì ń gbà.

"Ìyàwó wa, mo fẹ́ kí Màmá wá kí mi lọ́dún yìí. Ìgbà méjì ni ibi iṣẹ́ mi lè fún mi láyè: oṣù karùn-ún tàbí oṣù kọkànlá. Èmi fara mọ́ karùn-ún. Àmọ́ Màmá ní ọjà tiwọn. Ẹ bá wọn wò ó dáadáa, kẹ́ ẹ sọ èyí tí wọ́n bá mú fún mi, kí n lè tètè bẹ̀rẹ̀ ètò físà."

"Kò burú, Ìdílẹ̀kẹ̀ mi. Mo máa bi wọ́n."

Mo bi wọ́n lóòótọ́. Màmá tún ìró wọn so. Jọlá wà lẹ́yìn wọn.

"Họ́láńdì! Èmi ò mọ oṣù kankan níbẹ̀ o. Orúnkún mi nìkan ni mo mọ̀, kò sì fẹ́ òtútù. Akọ̀wé, kà á fún mi nínú fóònù. Oṣù wo ló dáa jù láti lọ?"

Mo wá a. Mo rí ojú ewé kan, Gẹ̀ẹ́sì ni látòkèdélẹ̀. Mo ń kà á díẹ̀díẹ̀, mo ń fi ìka tọ̀ ọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa ka ojú ewé Gẹ̀ẹ́sì kan tán tí á sì yé mi. Ó ní nínú oṣù karùn-ún, òdòdó ń tan, oòrùn ń ràn, ilẹ̀ kì í tètè ṣú. Ó ní oṣù kẹsàn-án náà dáa. Ó ní oṣù kọkànlá, òjò àti atẹ́gùn ni, òtútù sì máa ń wọ eegun.

Inú mi dùn débi pé mo ti la ẹnu láti sọ ọ́.

Ni Jọlá bá wúkọ́.

Ikọ́ kan ṣoṣo. Bóyá itọ́ ló tiẹ̀ gbà á lọ́nà. Ṣùgbọ́n mo wo Màmá, mo wo ọmọ tó wà lẹ́yìn wọn, mo rò ó pé oṣù karùn-ún ò jìnnà mọ́. Ta ni mo máa pè bí gìrì bá tún dé?

"Akọ̀wé, ṣé kò tíì tán ni?"

"Oṣù kọkànlá ni, Màmá."

"Àní?"

"Wọ́n ní nínú oṣù karùn-ún, yìnyín ló kún ìta. Wọ́n ní àwọn àgbàlagbà kì í yọjú." Ìka mi ṣì wà lábẹ́ ìlà tó ní oòrùn ń ràn. "Wọ́n kọ ọ́ síbí."

Màmá na ọrùn wo ibi tí ìka mi wà, wọ́n sì mi orí bí ẹni tó rí i.

"Yìnyín! Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n di ẹja inú fírísà. Kọkànlá ni màá lọ. Ẹ ò rí i pé ẹni tó lákọ̀wé nílé ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà?"

Mo tètè pa ojú ewé náà dé.

Mo pe Fẹ̀hìntọlá padà. "Ìdílẹ̀kẹ̀, Màmá ní kọkànlá ló rọ àwọn lọ́rùn. Wọ́n ní nítorí ẹja ni."

"Nítorí ẹja?" ló bi mí. "Ó dáa. Ẹja ló ṣáájú mi lọ́dọ̀ Màmá, mo ti mọ̀ tipẹ́."

Ó fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Irọ́ kì í jókòó síbi tá a gbé e sí, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòó ló rí: kẹ́ ẹ tó yíjú padà, ó ti dé ìdí ààrò.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí.

"Akọ̀wé, ṣé àlàáfíà lo wà? Èmi Alhájà Fàlílátù ni, èmi àti ìyá ọkọ rẹ la jọ ń ta ẹja l'Ẹ̀pẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Jámánì. Oṣù wo ló dáa láti lọ síbẹ̀?"

"Alhájà, ẹ ò ṣe bi ọmọ yín? Òun ló wà níbẹ̀."

"Mo ti bi í! Ó ní kí n wá ní oṣù kẹfà, pé oòrùn ń mú nígbà náà. Mo ní kó má parọ́ fún mi. Mo ní ìyàwó ilé ọ̀rẹ́ mi ti kà á nínú fóònù, pé yìnyín ló wà níbẹ̀. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín! Ọmọ tí mo fi ikùn mi bí!"

"Alhájà, Jámánì lè má rí bíi Họ́láńdì o..."

"Ṣé kì í ṣe òyìnbó kan náà ni gbogbo wọn? Kọkànlá ni mo sọ fún un, mi ò sì yí i padà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ìwé rẹ tẹ̀síwájú."

Mo ní àmín. Kí ni kí n ṣe?

Lẹ́yìn ìyẹn ni Màmá dé láti Ẹ̀pẹ́ láìwọ súwẹ́tà tó nípọn tí Adélàjà rà fún wọn nítorí òtútù Họ́láńdì.

"Màmá, súwẹ́tà yín dà?"

"Mo ti fún ìyá apẹja kan ní Ìbẹ̀ṣẹ̀. Ó ń ti orí omi bọ̀ láàárọ̀, ó ń gbọ̀n. Kí lèmi fẹ́ fi ṣe? Kọkànlá ni mò ń lọ." Wọ́n tú àpò wọn, wọ́n yọ bùbá ànkárá aláìlápá méjì jáde, wọ́n nà án mọ́ àyà. "Èyí ni mo rán fún Họ́láńdì. Ṣé atẹ́gùn á wọ̀ ọ́ dáadáa?"

"Atẹ́gùn á wọ̀ ọ́, Màmá."

Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lóṣù yẹn nìyẹn.

Ní kíláàsì, tísà wa, Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dúnrìn, ní kí kálukú sọ ohun tí ìwé kíkà ti ṣe fún un. Ìyá kan ní òun ti ń dá Bíbélì òun kà. Ẹnì kan ní kò sí awakọ̀ tó lè gbé òun lọ síbi tí òun ò lọ mọ́. Nígbà tó kàn mí, mo ní inú ń run mí, mo sì jáde.

Mo gbìyànjú láti sọ fún ọkọ mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. "Bàbá Jọlá, bí èèyàn bá ka nǹkan kan, tó wá sọ nǹkan mìíràn ńkọ́?" Mo wojú rẹ̀, ó ti sùn. Ọkùnrin tó bá bá bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ dé kì í gbé etí dání.

Bẹ́ẹ̀ ni oṣù karùn-ún ṣe dé, ó sì mú ọjọ́ Orò wá sí Ìkòròdú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlú wa mọ̀ ọ́n: wọ́n ti kéde pé obìnrin ò gbọdọ̀ yọjú síta títí wọ́n á fi ṣe tán. Ọ̀dọ̀ wa ló ká Màmá mọ́. Adélàjà ti jáde ní tirẹ̀, ọkùnrin ni. A ti ilẹ̀kùn, a fa kọ́tìnì dí fèrèsé, ooru wá ń yan wá bí ẹja orí ààrò.

Màmá jókòó lórí ẹní, Jọlá wà lẹ́sẹ̀ wọn, ó ń fi fóònù mi ṣeré. Ni fóònù bá dún. Kí n tó débẹ̀, ọmọ mi ti tẹ̀ ẹ́.

Ojú Fẹ̀hìntọlá yọ. Aṣọ aláìlápá ló wọ̀. Ó fún ojú pọ̀ nítorí oòrùn, áìsìkirímù ń yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, omi ń dán, ọkọ̀ ojú omi ń kọjá, àwọn òyìnbó na ara wọn sórí koríko bí ẹja tá a sá.

"Màmá mi!"

"Ọmọ mi! Kí lò ń ṣe láìwọ aṣọ gidi nínú yìnyín?"

"Yìnyín wo?"

Mo fò síbẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú fóònù. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni! Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa lónìí!"

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò," ni Màmá wí.

"Inú ilé ni wọ́n wà, Màmá. Wọ́n máa ń fi iná mú inú ilé wọn gbóná ni. Ilé ńlá ni."

Màmá gbé fóònù sún mọ́ ojú. Pẹ́pẹ́yẹ kan ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ kọjá lẹ́yìn Fẹ̀hìntọlá, jẹ́jẹ́, bíi pé mo bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ láti wá tú mi fó.

"Pẹ́pẹ́yẹ náà ń gbé inú ilé ńlá lọ́dọ̀ wọn?"

Mo na ọwọ́ sí fóònù, Màmá yí i kúrò lọ́dọ̀ mi.

"Màmá, ìta ni mo wà o," ni Fẹ̀hìntọlá wí. "Àsìkò tó dùn jù lọ́dún nìyí. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ wá ní karùn-ún nìyẹn, ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò lè fi ẹja sílẹ̀."

"Èmi? Ta ni mo bá sọ̀rọ̀ ẹja?"

"Ìyàwó wa ló sọ fún mi."

"Ìyàwó wa náà ló sọ fún mi pé yìnyín ló wà níbẹ̀. Ó kà á fún mi nínú fóònù yìí."

Ìyá lórí ẹní, ọmọ létí omi, wọ́n jọ kọjú sí mi. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ojú wọn jọra tó bẹ́ẹ̀.

Mo wo ilẹ̀kùn. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá ti dé Ṣágámù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Orò ni.

"Jókòó," ni Màmá wí. "Lónìí, èmi àti ìwọ ò ríbi lọ."

Fẹ̀hìntọlá ò pariwo. "Mo rò pé ẹ ò fẹ́ rí mi ni, Màmá," ló sọ, ohùn rẹ̀ kéré. "Láti ìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń rò ó." Ó ní òun á padà pè.

Áìsìkirímù ti yọ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wò ó, èébú ì bá sàn fún mi.

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ojú ewé náà, ikọ́ Jọlá, ìka mi lábẹ́ ìlà. "Ẹ̀rù ló bà mí, Màmá. Mo rò pé bí ẹ bá lọ, ọmọ yìí á kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Màmá gbọ́ mi tán. Wọn ò gbóhùn sókè.

"Ìyá Jọlá, Orò tí gbogbo Ìkòròdú ń ṣe, ọjọ́ kan ló fi ń sé obìnrin mọ́lé. Ìwọ nìkan, láti ìgbà ọyẹ́ lo ti sé mi mọ́."

Wọ́n gbé Jọlá lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì na ẹsẹ̀ wọn sórí ẹní.

"Ó dáa. Oṣù karùn-ún la wà. Mo ti lọ."

"Ẹ ti lọ síbo, Màmá?"

"Mo wà ní Họ́láńdì."

Mo rò pé eré ni. Jọlá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún oúnjẹ. "Màmá, ṣé kí n po ògì fún un?"

"Mo wà ní Họ́láńdì."

Jọlá ṣu sára. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú..."

"Omi pọ̀ níbí o. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ní kí n kí ẹ."

Nígbà tó di ọ̀sán, ara ọmọ gbóná.

Ẹ rántí pé ọjọ́ tí mi ò lè fẹsẹ̀ kan ìta nìyẹn. Mo kígbe: "Màmá! Màmá! Ara rẹ̀ gbóná!"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa lónìí," ni Màmá wí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n ti ká ẹsẹ̀ wọn kò, ojú wọn ò sì kúrò lára ọmọ.

Kò sí ẹni tí mo máa pè. Mo bọ́ aṣọ lára Jọlá. Mo fi aṣọ rírin nù ún lọ́rùn, lábíyá, látẹ́lẹsẹ̀, bí mo ṣe rí i lọ́wọ́ wọn. Mo fún un lọ́mú. Mo mú ìgò oògùn ibà tí nọ́ọ̀sì fún wa, mo gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì wọlé.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Ohùn náà wá láti Họ́láńdì.

"Ṣíbí kékeré kan, fún ọmọ tó ti lé lọ́dún kan."

"Ṣé ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, àbí oṣù kọkànlá?"

Mo tún un kà, sókè, mo fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. "Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, Màmá."

"Fún un."

Mo fún un. Mo gbé e sáyà, mo ń nù ún, mo tún ń nù ún. Kí Adélàjà tó kan ilẹ̀kùn pé wọ́n ti ṣe tán, Jọlá ti làágùn, ó sì ti ń fa irun mi tu. Màmá na ọwọ́ láti Họ́láńdì, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ó ti rọ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, Màmá."

"O mọ̀ ọ́n ṣe, o wá ń fi yìnyín dẹ́rù bà mí."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

Ẹ má rò pé wọ́n dárí jì mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bíi tinú fíìmù. Nígbà tí mo pe Fẹ̀hìntọlá láti bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀ ná, mo máa padà pè yín." Ó bínú, ó sì padà pè lóòótọ́. Ó bẹ ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ ìsinmi, òun sì mú oṣù kẹsàn-án. Kí Màmá tó gbà, wọ́n ní kí n ṣí ojú ewé náà, kí n kà á látòkèdélẹ̀, lójú Adélàjà. Mo kà á. Nígbà tí mo dé ìlà oṣù kọkànlá, Màmá ní, "Tún ibẹ̀ kà, ó dùn létí mi." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí n tún un kà.

Mo pe Alhájà Fàlílátù náà.

"Àṣé ọmọ mi ò parọ́!" Wọ́n kígbe débi pé mo gbé fóònù kúrò létí. "Mo ti ní kí Àlùfáà máa bá mi ṣàdúà fún un nítorí irọ́ pípa!"

"Ẹ má bínú, Alhájà."

"Mi ò bínú. Àdúà náà kò ní ṣòfò. Màá ní kí wọ́n darí ẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ."

Mo ra súwẹ́tà mìíràn fún Màmá. Wọ́n lọ ní oṣù kẹsàn-án. Wọ́n pè mí lánàá, wọ́n jókòó sétí omi, wọ́n ní orúnkún àwọn ò dùn àwọn, pé àwọn òyìnbó kò mọ ẹja yan, àwọn sì ti ń kọ́ Fẹ̀hìntọlá bó ṣe máa kọ́ wọn.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ tí ẹ̀rù ń bà bíi tèmi, mi ò ní kẹ́ ẹ má bẹ̀rù. Èmi náà ṣì ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ pè é lẹ́rù. Ẹ má fi aṣọ mìíràn wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ má pè é ní yìnyín fún ẹni tó gbójú lé ohun tẹ́ ẹ bá kà.

Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, Jọlá sín. Kí n tó mọ̀, mo ti kígbe: "Màmá!"

Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sẹ́ni lórí ẹní.

Mo wo ọmọ, ọmọ wò mí. Mo dá ara mi lóhùn: "Mo wà ní Họ́láńdì."

Mo dìde, mo sì lọ nu imú ọmọ mi.